Ọyẹ́ Gba Abẹ́ Wọlé: Òru Mẹ́rin Nínú Hámọ́kì ní Ìbàdàn

Ọjọ́ kìíní: Ọjọ́bọ̀, 9 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ ni mo wọ̀ láti Èbúté Mẹ́ta. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì àbọ̀ tí a fi dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Títí a fi dé Abẹ́òkúta, oòrùn ṣì ń ràn bíi ti Èkó. Nígbà tí a kọjá Ọmí-Àdìó, ojú ọ̀run ti yàtọ̀, gbogbo rẹ̀ rí bí ìgbà tí èèyàn ń ku ẹ̀lúbọ́ lójú afẹ́fẹ́. Ètè mi ti ń là kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ọyẹ́ ti gba ìlú.

Òun gan-an ni mo wá bá. Mo ń gbèrò àti lọ sí Mambilla, ilẹ̀ òkè tó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, mo sì fẹ́ máa sùn nínú hámọ́kì níbẹ̀, ibùsùn aṣọ tí wọ́n ń so rọ̀ sáàárín igi méjì. Mo ti dán hámọ́kì náà wò lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa l'Ékòó, òógùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Mọ́níyà ló ní, “Àbúrò, bó bá jẹ́ òtútù lò ń wá, wá bá wa nínú Ṣẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ará Èkó, òkun ń gbèjà yín, ọyẹ́ kì í ráyè yín bú.” Òótọ́ ni. Ẹ̀bá-Ọ̀dàn ni wọ́n ní orúkọ Ìbàdàn ti jáde, etí ibi tí igbó ti parí tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn tó bá ń bọ̀ láti òkè ọya, ibẹ̀ ló ń yà kó tó rántí wa.

Àmàlà ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Ẹni tó dé Ìbàdàn tó lọ ń jẹ búrẹ́dì, ẹ jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ mójú tó o. Ní àdúgbò Ọjọ́ọ̀, àmàlà méjì, gbẹ̀gìrì, ewédú, ṣàkì kan àti ẹran méjì jẹ́ 2,200 náírà. Ìyá tó ń bu ọbẹ̀ wo báàgì ẹ̀yìn mi, ó ní, “Ṣé sójà ni yín ni?” Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ sùn níta ni. Ó fi ẹran kan kún un. Mi ò mọ̀ bóyá àánú ló ṣe é.

Igi máńgòrò méjì wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi, àárín wọn tó ìṣísẹ̀ méje gbọọrọ. Bí mo ṣe ń so okùn, Ìyá àgbà, ìyá ẹ̀gbọ́n mi, fa àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀ wá síbẹ̀, ó jókòó tì mí.

“Kí lèyí?”

“Ibùsùn ni, mà.”

“Ilẹ̀ ò wá gbà ọ́ mọ́?”

Nígbà tí mo nà án tán, ó dá a mọ̀. Ó ní bàbá òun máa ń sọ ọ́ pé nínú irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ru àwọn òyìnbó kiri láyé àtijọ́, tí òyìnbó á máa sùn, tí àwọn tó rù ú á máa làágùn. “Ìwọ ò wá ní ẹni tí yóò rù ọ́,” ó ní, “igi lo gbé ara rẹ rù.”

Òyìnbó gan-an kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwọn Taíno, ọmọ onílẹ̀ erékùṣù Karibíánì, ni Columbus bá tó ń sùn nínú rẹ̀ ní 1492, èdè wọn sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ilẹ̀ ooru ni ilẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń so ibùsùn wọn rọ̀, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ wọn kọjá. Ká ní mo ti ro ìyẹn dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú, mi ò bá má jìyà.

Kúbùsù méjì ni mo gbé dání, èyí tó nípọn jù nínú ilé wa. Mo da méjèèjì bo ara mi, mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo gbogbo rẹ̀, oorun gbé mi lọ kíá. Nígbà tí aago méjì kọjá díẹ̀, ojú mi là. Àyà mi ń gbóná, ikùn mi ń gbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi dà bíi pé mo fi ti fíríìjì. Èjìká ló kọ́kọ́ mú, ó dé ìdí, ó dé itan. Mo yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ náà tutù. Mo fa kúbùsù kan sábẹ́, mo sùn lé e, ó dà bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo ká ara mi nílẹ̀, mo wọlé lọ sórí àga pálọ̀. Ìyá àgbà ti jí, ó ń ṣe àlùwàlá. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn rẹ́rìn-ín sínú.

Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wọn òtútù ní 18 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹni tó wà ní Jos á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ kejì: Jímọ̀, 10 Ṣẹ́rẹ́

Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà 500 náírà ni mo fi gba ara mi padà. Ìyá àgbà jẹ́ kí n mu kọ́ọ̀bù kan tán kó tó sọ̀rọ̀.

“O bora àbí o ò bora?”

“Mo bora, mà. Kúbùsù méjì.”

“Ẹni tó wọ dàńṣíkí méjì tí kò wọ ṣòkòtò, ṣé ó ti wọṣọ?”

Ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kúbùsù kì í dáná. Ara wa ló ń mú ooru jáde, iṣẹ́ kúbùsù ni kó ká afẹ́fẹ́ mọ́ àárín òwú rẹ̀ kó má lè rìn. Níbi tí afẹ́fẹ́ ò bá ti lè rìn, ooru ò rí ẹni gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sùn lé kúbùsù, ìwúwo mi á fún gbogbo afẹ́fẹ́ yẹn jáde, á pẹlẹbẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àpò ìsùn olówó ńlá pàápàá, bó ṣe rí nìyẹn: apá òkè rẹ̀ á wú, apá tí èèyàn sùn lé á kú. Ẹni tó sùn sílẹ̀ sàn díẹ̀, torí ibi tó sùn sí á gba ooru lára rẹ̀, ó pẹ́ ó yá, á lọ́wọ́ọ́rọ́. Nínú hámọ́kì, bí atẹ́gùn kan ṣe ń bu ooru lọ lábẹ́ rẹ ni òmíràn ń dé, ebi ń pa òun náà.

Ohun tí mo ń wá kì í ṣe ìbora mọ́. Nǹkan abẹ́ ni.

Mo wọ Micra lọ sí Dùgbẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ Ìbàdàn: mọ́tò kékeré yìí ni takisí wọn, èèyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí ìyẹn. Tí a bá gbé báàgì ńlá, ká bá dírẹ́bà sọ owó ẹrù ká tó wọlé. Lẹ́yìn tí a bá ti jókòó tán, ọba ni.

Ní apá Ògùnpa, mo wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ìránbàtà. Ẹni kan l'Ékòó ló ti sọ fún mi pé fóòmù tí àwọn oníbàtà fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀, òun náà ni àwọn tó ń sùn níta fi ń ṣe ẹní. Kò rí bíi fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó ń mumi. Inú rẹ̀ jẹ́ ihò kéékèèké tí kò já síra wọn, afẹ́fẹ́ inú kọ̀ọ̀kan há síbẹ̀, bí o bá tilẹ̀ sùn lé e, kì í fún jáde tán. Èyí tó nípọn tó ìka ọwọ́ kan ni mo rà, 4,000 náírà. Ọmọ tó ń tà á gé e fún mi ní gígùn ara mi, ó ní kí n dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kó lè rí i dájú. Mo dùbúlẹ̀. Èèyàn pọ̀ tó wò mí.

Bí mo ṣe ń padà, mo dúró lórí afárá odò Ògùnpa. Omi ibẹ̀ kò ju kí ọmọdé fò ó lọ, ọ̀rá ló kún un. Èèyàn ò ní gbà pé odò yìí ló gbé ilé àti ẹ̀mí lọ ní 31 Ògún 1980, tí wọ́n fi ń pe omi náà ní Omíyalé títí dòní.

Alẹ́ dé, mo tẹ́ fóòmù sínú hámọ́kì. Ẹ̀yìn mi gbóná lóòótọ́! Inú mi dùn fún bíi wákàtí mẹ́ta. Àmọ́ fóòmù kì í gbélé. Bí mo bá yí padà lẹ́ẹ̀kan, á yọ̀ sí apá kan. Ó tún tẹ́ẹ́rẹ́ jù, nítorí hámọ́kì máa ń ká mọ́ èèyàn léjìká, ibi tí ó ti ká mọ́ mi yẹn ni fóòmù ò dé. Èyí tó burú jù ni pé kò jẹ́ kí òógùn jáde. Ẹ̀wù mi tutù lẹ́yìn, òtútù sì fẹ́ràn aṣọ tútù ju ohunkóhun lọ.

Mo ń bá fóòmù jà lọ́wọ́ ni kókó okùn apá ẹsẹ̀ tú. Ìdí ni mo fi kanlẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fi igbe ta, ajá aládùúgbò dá sí i, kí n tó rí bàtà mi, iná tọ́ọ̀ṣì ti ń wò mí lójú.

“Ta nìyẹn? Má mira!”

Ọdẹ àdúgbò ni. Mo pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo pe ti Ìyá àgbà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ti bàbá bàbá mi. Nígbà tó rí hámọ́kì tó ń fì dirodiro, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó bá mi tún okùn náà dì. Ó yí i mọ́ igi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ara rẹ̀, ó ní, “Báyìí là ń dì í. Tìẹ yẹn, okùn bàtà ni.” Ó tún sọ ohun kan tí mo fi sọ́kàn: bí òun bá ń dẹ̀gbẹ́ lórí igi lásìkò ọyẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ lòun ń fọwọ́ rún wúyẹ́wúyẹ́ kí òun tó kó o sábẹ́ ìdí. Kò gbọdọ̀ kì. “Bó bá ti kì, ó ti kú.”

Ẹ jọ̀ọ́, ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ sùn níta nílẹ̀ wa, ẹ lọ rí baálẹ̀ tàbí onílé, kí ẹ sì rí ọdẹ, kí ilẹ̀ tó ṣú. Oríire ni pé ẹni tó ń bèèrè kó tó yìnbọn ló bá mi.

Ọjọ́ kẹta: Àbámẹ́ta, 11 Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ ọdẹ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Nǹkan tó wú, tí ara mi ò ní tẹ̀ ẹ́ rẹ́. Bí ó bá wà nínú hámọ́kì pẹ̀lú mi, màá sùn pa á. Níta ló yẹ kó wà, kó rọ̀ sábẹ́ hámọ́kì. Àwọn tó ń fi hámọ́kì sùn nílẹ̀ òtútù ní irú rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ṣe é, owó rẹ̀ sì lè san owó ilé ẹlòmíì. Èmi gba ọjà òkìrìkà lọ ní Ọjọ́ọ̀. Ìbora òyìnbó tó wú bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀, tí síìpù rẹ̀ ti já, 9,000 ni ẹni tó ń tà á pè é, 6,500 la parí rẹ̀ sí. Ó ní kí n má sọ fún ẹnì kankan. Mi ò sọ orúkọ rẹ̀, n ò dalẹ̀.

Télọ̀ tí Ìyá àgbà mú mi lọ bá kò jìnnà sí títì. Ìyá kan tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì ni, tó ń ran aṣọ ilé ìwé ọmọ mẹ́fà lọ́wọ́ torí wọ́n ti fẹ́ wọlé. Mo fi ọwọ́ ṣàlàyé, mo fi ẹnu ṣàlàyé, mo ya á sẹ́yìn ìwé. Ó wo ìwé, ó wò mí.

“Ẹ dúró ná. Ó máa wà lábẹ́ ìdí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó máa ní rọ́bà létí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ìtẹ́dìí ni!” Ó yíjú sí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. “Ẹ gbà mí, bọ̀dá fẹ́ rán ìtẹ́dìí fún ara wọn.”

Orúkọ ọ̀hún ò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ìtẹ́dìí náà ni mo ń pè é báyìí.

Bó ṣe rán an rèé, fún ẹni tó bá fẹ́. Ó gé ìbora náà sí mítà méjì ní gígùn, mítà kan àti ogún sẹ̀ǹtímítà ní ìbú. Kò gán an mọ́lẹ̀ káàkiri, torí mo bẹ̀ ẹ́ pé ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti gba àárín kọjá, ibẹ̀ á pẹlẹbẹ, òtútù á sì rójú ọ̀nà. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣẹ́ aṣọ po bí ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ ọmú búláòsì, kí gbogbo rẹ̀ lè kò bí igbá dípò kó tẹ́ bí ẹní. Ó ki rọ́bà ìdí ṣòkòtò sí etí gígùn méjèèjì, ó ki okùn sí etí orí àti etí ẹsẹ̀, kí n lè máa fà á pọ̀ bí ẹnu àpò gààrí.

Ó kù aṣọ tí yóò wà ní ìta, èyí tí atẹ́gùn ò ní tètè gbà kọjá. Ìyá àgbà wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan jáde tó ti ṣá. Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ara rẹ̀. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣíbí sì wà láàárín òpó sí òpó. Ẹ̀kọ àti aró ti jẹ́ kí aṣọ náà le díẹ̀. Mo ní, “Mà, ẹ má fi èyí ṣe é.” Ó ní ọmọ tó ni ín kò sí mọ́, aṣọ tó wà nínú àpótí kò gbóná fẹ́nì kan. Mi ò jiyàn mọ́.

Òun náà ló tún mú ọ̀rọ̀ òwú àràbà wá. Nígbà tí òun wà lọ́mọbìnrin, ó ní kò sẹ́ni tó ń ra fóòmù. Òwú tó ń bọ́ lára àràbà lásìkò ọyẹ́ ni wọ́n ń ṣà kún ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí rẹ̀ kan ṣì wà. Télọ̀ tú etí rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ki ọwọ́ bọ èéfín: ó kún ọwọ́, kò sì wúwo. Ó ń dán bíi sílíkì. Fọ́nrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣófo nínú bí igi ìbẹ́pẹ, afẹ́fẹ́ ló kún un. Ìda tó bo ara rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè mumi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í sínú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì lórí omi nígbà kan. A bu ìwọ̀n ìkúùkù mẹ́jọ sí apá èjìká àti apá ìdí, níbi tí òtútù ti kọ́kọ́ ń mú mi. Àràbà ò wó, ojú ti ìrókò. Ojú ti pẹ́pẹ́yẹ náà.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ra fún: òwú àràbà àti iná kò gbọdọ̀ ríra. Ẹ̀ta iná kan tó. Ẹni tó ń mu sìgá kó má fi ṣe é rárá.

Owó télọ̀ jẹ́ 4,000, rọ́bà àti okùn 900.

Bí mo ṣe so ó lálẹ́, mo ti rò pé ó parí. Kò parí. Okùn rẹ̀ rọ̀ jù, àlàfo tó gba ọwọ́ méjì wà láàárín ìtẹ́dìí àti hámọ́kì, atẹ́gùn sì ń fẹ́ gba ibẹ̀ bí ọ̀nà ọ̀fun. Mo dìde, mo fà á dan-in. Ó tún burú: ìtẹ́dìí fún mọ́ mi lábẹ́, òwú kì, ó kú, bí ọdẹ ṣe wí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo dìde. Nígbà tó yá, mo ké sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé lọ́wọ́ lójú fèrèsé. Mo ní kó ki ọwọ́ sábẹ́ mi nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀, kó sọ ohun tó bá. “Ẹ̀yìn yín ń kàn án báyìí, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́.” Ibẹ̀ ni! Mo so ó pa síbẹ̀. Ẹni tó bá dá wà, kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ wò ó lábẹ́ ìdí. Bí ó bá bá àlàfo, kó fà á díẹ̀. Bí ó bá bá a pé ó ti le, kó dẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ mìíràn ni bí a ṣe ń sùn. Okùn hámọ́kì ò gbọdọ̀ le bí okùn ìsáṣọ. Kó dẹ̀ dáadáa, kí èèyàn wá dùbúlẹ̀ ní ìdábùú díẹ̀, orí lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ lósì. Ara á tẹ́, ìtẹ́dìí á sì ríbi dì mọ́ ọn.

Ìpè àsùnbáà ló jí mi. Ìwọ̀n òtútù jẹ́ 17. Mo ti jù kúbùsù kan sílẹ̀ lóru torí ooru. Ẹ̀fọn náà ò jẹ mí lẹ́yìn, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ń ki ẹnu gba abẹ́ aṣọ hámọ́kì.

Ọjọ́ kẹrin: Àìkú, 12 Ṣẹ́rẹ́

Ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe Mambilla. Mo fẹ́ ibi tí ògiri ò ti ní gbà mí lọ́wọ́ atẹ́gùn. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ní oko lẹ́bàá adágún Aṣéjìrẹ́, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun fún omi ẹ̀rọ, ó sì ti fi fóònù bá bàbá tó ń ṣọ́ oko sọ̀rọ̀. Mọ́níyà sí Ìwó Road, 700 náírà. Ìwó Road sí Aṣéjìrẹ́, 1,500. Eruku ọ̀nà náà pọ̀ débi pé a ò rí mọ́tò iwájú, iná rẹ̀ la ń tẹ̀ lé.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja lẹ́bàá ọ̀nà. Micra náà ṣẹ́jú, ó lọ. Ìgbà yẹn ni mo wo ẹsẹ̀ mi: báàgì hámọ́kì nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀rá tí ìtẹ́dìí wà nínú rẹ̀ ti bá wọn lọ sí Ìkirè.

Ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́. Ìyá ẹlẹ́ja tó jókòó sítòsí bi mí pé kí ló sọnù. Mo ní aṣọ ni. Ó ní ṣé mo mọ nọ́ńbà mọ́tò, mo ní rárá. Ó ní àwọ̀ ẹ̀wù dírẹ́bà ńkọ́, mo ní mi ò wò ó. “Háà, ará Èkó.” Ó fa bẹ́ǹṣì sábẹ́ ibòji fún mi. Ó ní bó bá jẹ́ ọmọlúàbí, ibí ni yóò gbà padà, bí kò bá sì jẹ́, ìjókòó náà ò pa mí lára. Ó gbé ẹja díndín kan lé mi lọ́wọ́, kò gba owó rẹ̀. Ó lé ní wákàtí méjì tí mo fi jókòó, tí mo ń wo gbogbo Micra tó ń bọ̀ bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Ó dé. Ó yẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó na ọ̀rá náà gba ojú fèrèsé, ó ń pariwo, “Ọ̀gá! Ìtẹ́dìí ọmọ yín rèé o! Ọmọ yẹn mà sanra o!”

Gbogbo àwọn ẹlẹ́ja ló gbọ́. Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó kọ̀ ọ́. Ó fún mi ní dódò Ìkirè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ inú ewé lé e. Mi ò rí èsì fún irú nǹkan báyẹn.

Igi kaṣú méjì létí omi ni bàbá olóko fi hàn mí. Láti ìhà àríwá lọ́nà ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́, nítorí náà mo so tápólì wálẹ̀ dé ilẹ̀ ní ìhà yẹn, mo ṣí ìhà kejì sílẹ̀. Mo da omi gbígbóná sínú ìgò oníke tó nípọn, mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé e, mo gbé e sáàárín itan. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Lórí mi, fìlà abetí-ajá ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fa etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀, mi ò rí fìlà òyìnbó tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ tọ̀ kí n tó gun hámọ́kì, torí ẹni tó bá ti wọlé tán kì í fẹ́ jáde.

Òtútù létí omi yàtọ̀. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin, ó sì ń wá ihò. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo rí i pé ọrùn ẹsẹ̀ mi ń tutù; ìtẹ́dìí ti sún díẹ̀ síhà orí. Mo na ọwọ́, mo fa okùn apá ẹsẹ̀, ó padà sáyè rẹ̀, mo sùn. Láìdìde! Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 16 nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn mi ń gbóná bí ẹ̀yìn ẹni tó pọn ọmọ. Kìkì imú mi ló ń jìyà.

Bàbá olóko ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ bọ àpò agbádá oko rẹ̀, ó ń wo òpó Mápó lábẹ́ hámọ́kì. Ó ní ìyá òun ní irú aṣọ yìí.

Ọjọ́ karùn-ún: Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀nà àbọ̀ ò ní ìtàn. Mo ra ẹja fún Ìyá àgbà lọ́dọ̀ ìyá tó fún mi ní bẹ́ǹṣì, ó sì fi gbà mí lówó gidi lọ́tẹ̀ yìí.

Ìtẹ́dìí náà ná mi ní 11,400 náírà, láìka fóòmù mọ́ ọn, láìka òwú Ìyá àgbà àti àdìrẹ tí kò ṣeé dá owó lé. Fóòmù náà ò ṣòfò: màá máa tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí mo bá dé ibi tí kò sí igi. Fún Mambilla, mo ti pinnu láti fi ìpele ìbora kejì kún apá ìdí, kí n sì sọ okùn ẹsẹ̀ di méjì kó má lè sún mọ́. Tápólì tó gùn ju èyí lọ náà pọn dandan.

Mo yà gba Mọ́níyà láti gbé ẹrù tó kù kí n tó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà gba ẹja, ó ní kí n jókòó. Ó ní òun ti ń rò ó láti àná. Àga ìrọ̀gbọ̀kú òun tí òun ń jókòó sí lówùúrọ̀, aṣọ ló wà lábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Òun ti ń bo ẹsẹ̀ láti ọdún yìí wá, òun ò sì mọ ohun tó ń mú òun nídìí.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ télọ̀, àga náà ti wà níbẹ̀ lójú títì, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ń fi téèpù wọn ìdí rẹ̀.